Ipa Àwọn Atúnẹ̀rọṣe nínú Ìtàn Orin Jùjú

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn orin jùjú, orúkọ àwọn akọrin ni a máa ń tò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ìtàn náà kò pé bí a kò bá ka àwọn tí ń tún ẹ̀rọ orin ṣe mọ́ ọn.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọrin l'Ékòó, ẹgbẹ́ jùjú kéré. Ohun èlò olókùn àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ní 1948, Àkànbí Wright mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ìlù dùn, ṣùgbọ́n ó borí okùn. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. Láti ìgbà náà ni àyè ti gba ìlù púpọ̀ àti gìtá púpọ̀, títí ẹgbẹ́ Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé fi di ńlá ní àwọn ọdún 1970. Ẹ̀rọ ni ó bá ìlù àti gìtá parí ìjà.

Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń lo ìgò tí ń gbóná, tí ó sì lè fọ́. Tiransísítọ̀, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1947, ni ó wá gba ipò ìgò náà. Kò ṣeé fọ́ lójú ọ̀nà òde àríyá, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí wáyà sipíkà méjèèjì bá fara kan ara wọn, ó lè jóná kí fíúsì tó já.

Ẹ̀rọ irú èyí kan ni ẹ̀gbọ́n mi olóògbé rà ní 1978. Nígbà tí ó dákẹ́, wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù. Mo gbé e lọ bá bàbá kan ní Anthony, l'Ékòó. Ó kọ́kọ́ fa iná tí ó kù nínú àwọn kapásítọ̀ ńlá dànù, nítorí pé wọ́n lè gbé ènìyàn bí a tilẹ̀ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Lẹ́yìn náà, ó so gílóòbù kan sí ojú ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé. Bí gílóòbù bá tàn rokoṣo tí kò sì rẹlẹ̀, àbùkù ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Bí ó bá tàn fìrí tí ó sì rọlẹ̀, ọ̀nà mọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀pẹ̀lẹ̀ tèmi rè é," ni bàbá wí.

Ó pààrọ̀ tiransísítọ̀ méjì tí ó jóná, àti àwọn kapásítọ̀ gbígbẹ tí ń mú ẹ̀rọ kùn. Ó tún fi òjé jó àwọn ojú ibi tí ó ti sán. Mo ní kí ó kúkú pààrọ̀ gbogbo ìyókù. Ó kọ̀: "Èyí tí kò kú, ohùn ẹ̀gbọ́n yín ló wà níbẹ̀."

Ìlànà tí èmi fi ń kọ́ni láti tọ́jú ewì alohùn nìyẹn: ohun tí ó bàjẹ́ ni kí a tún ṣe, kí a má fi ohùn tiwa rọ́pò ti olóhùn. Bàbá kò kà á nínú ìwé kankan.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn ti lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ó ń tún fóònù ṣe. N kò dá a lẹ́bi; ibi tí ọjà wà ni oníṣòwò ń lọ. Ṣùgbọ́n àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó pa orin mọ́ kò pa ìmọ̀ bàbá yìí mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn akọrin, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.