Aràn Inú Ọmọdé: Láti Ayé Wolé-wolé Dé Ayé Oògùn Ọ̀fẹ́

Ilẹ̀ tó tutù, tó ní ibòji, ni ẹyin aràn fẹ́ràn, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ ní Ìbẹfun àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú: oko ẹ̀gẹ́, oko obì, ìdí ọ̀pẹ. Bí ọmọ kan bá yàgbẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹyin inú ìgbẹ́ náà á gbó sínú erùpẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ tí ọmọ mìíràn fi ṣeré níbẹ̀ ni yóò gbé e dé ẹnu. Abo aràn gbọọrọ kan ṣoṣo lè yé tó 200,000 ẹyin lóòjọ́.

Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kò dúró de ẹnu ní tirẹ̀. Arthur Looss, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Cairo, da omi tí ọmọ aràn wà nínú rẹ̀ sí ara ọwọ́ láìmọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tó yá, ó rí ẹyin wọn nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ó kéde rẹ̀ ní 1898 pé awọ ara ni aràn náà ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ lásán tí ọmọ fi ń rìn lọ sóko ti tó o. Àwọn onímọ̀ gbà pé ara àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ni irú rẹ̀ kan gbà dé ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí owó Rockefeller, olówó ńlá ibẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà ní 1909.

Ní tiwa níbí, ewúro àti kóró ìbẹ́pẹ làwọn ìyá wa fi ń lé aràn. Ìjọba òyìnbó rán wolé-wolé sí agboolé: wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò, wọ́n ń béèrè ṣálángá, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá rú òfin. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n mo gbà pé ibi tó yẹ kí wọ́n wò ni wọ́n ń wò. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló wá kó àwọn ọmọ jọ sójú kan tí oògùn ti lè kàn wọ́n.

Ní 1991, Asaolu, onímọ̀ nípa aràn ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, Holland àti Crompton, tẹ ìwádìí kan jáde láti àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi wéra: kí gbogbo ará abúlé lo oògùn, kí àwọn ọmọdé nìkan lò ó, tàbí kí ó jẹ́ ẹni tí aràn pọ̀ lára rẹ̀ jù. Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò nípa ọ̀nà ti àwọn ọmọ iléèwé: kí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó kéré tán, rí oògùn gbà kí 2010 tó pé.

Oògùn náà dára. Albendazole 400 mg kan ṣoṣo ni ọmọ iléèwé ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í pa ẹyin tó wà nínú erùpẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àṣẹ ààrẹ ti 2019 ní kí ìyàgbẹ́ ní gbangba tán ní Nàìjíríà kí 2025 tó parí, kò tán. Aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ sì sábà máa ń pọ̀ lára àgbà ju ọmọdé lọ, bẹ́ẹ̀ oògùn iléèwé kì í dé ọ̀dọ̀ àgbà lóko.