Ilé ta ni? Bí àlejò ṣe ń rìn ní Ìlọrin àtijọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ ní Ìlọrin fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí agbo ilé tí wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀ sí. Ọmọ náà ti wo máàpù Google títí, kò rí orúkọ agbo ilé náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé yẹn ṣì wà?" Mo ní kí n lọ wò ó ná. Ohun tí mo rí, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ó yẹ ká mọ ìdí tí máàpù kò fi mọ Ìlọrin.

Èmi náà ti ṣe àlejò rí. Ní 1978, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, mo sọdá odò Asà lọ sí apá Ọjà Ọba láti wá ọ̀rẹ́ kan. Mo kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé sínú ìwé. Ìyá kan tó ń ta ata wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, a ò mọ nọ́ńbà o. Ilé ta ni?" Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ó tún ní, "Ilé ta ni wọ́n ti bí i?" Ìgbà tí mo dárúkọ agbo ilé ni ojú rẹ̀ tó là, ló bá rán ọmọ kékeré kan pé kó mú mi dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni a fi débẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yípo.

Àṣé ìbéèrè ìyá yẹn, ìtàn ló bí i. Ìlọrin kì í ṣe ìlú tí ẹnì kan jókòó yà sórí ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àfọ̀njá, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi ibẹ̀ ṣe ibùdó nígbà tí ìjà dé sáàárín òun àti Ọ̀yọ́. Ó pe Àlímì, àáfà Fúlàní, wá bá a gbé. Ṣọlágbérú kó àwọn Mùsùlùmí Yorùbá jọ sí Òkè-Sùnnà. Àwọn Gàmbàrí, ìyẹn àwọn Haúsá, wá. Àwọn Tápà àti Bàrùbá náà wá. Kálukú tẹ̀dó ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nǹkan bíi 1823 sí 1824, Àfọ̀njá kú nínú ìjà òun àti àwọn tó pè wá, ọmọ Àlímì, Abdulsalam, sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àdúgbò kò yí padà. Títí dòní, Balógun mẹ́rin ló pín ìlú àtijọ́: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Àlànàmú. Ẹni tó bá ń rìn níbẹ̀, inú ìtàn ìjà àti ìrẹ́pọ̀ yẹn ló ń rìn, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Àwọn àlejò ayé àtijọ́ mọ èyí jù wá lọ. T. J. Bowen, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, dé Ìlọrin ní 1855. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, dé ibẹ̀ nínú ìrìn àjò tí òun àti Martin Delany rìn nílẹ̀ Yorùbá ní 1859 sí 1860. Láyé ìgbà náà, àlejò kì í kàn dédé wọ ìlú olódi. Yóò bá oníbodè pàdé, wọn yóò fi í sọ́dọ̀ baálé kan, baálé yẹn ni yóò sì dúró fún un níwájú ọba. Onílé rẹ ni máàpù rẹ. Bí o kò bá ní onílé, o kò ní ọ̀nà.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Gerhard Rohlfs, ará Jámánì. Láti 1861 ló ti wà ní Mòrókò, tó ń múra bíi Mùsùlùmí, tó sì mọ Fez dáadáa. Ní 1865 ó gbéra láti Tírípólì, ó la aṣálẹ̀ kọjá dé Bọ̀nú, ó gba Ìlọrin àti Ìbàdàn, ó sì dé Èkó ní 1867. Kì í ṣe ohun àjèjì ló bá pátápátá ní Ìlọrin. Ìlànà Máálíkì tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Mòrókò, òun náà ni àwọn àáfà Ìlọrin ń tẹ̀lé. Ìlànà Warsh tí wọ́n fi ń ké Àlùkùránì ní Fez, òun náà ni àwọn àáfà wa jogún. Bí ìlú àtijọ́ Fez ṣe rí náà nìyẹn: ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, tí ọmọ àdúgbò nìkan mọ ibi tó já sí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o: odi ìlú àtijọ́ Fez ṣì dúró, ti Ìlọrin, amọ̀ ni, ojò ti rọ̀ ọ́ lọ.

Ohun tí kò wó ni orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi àtijọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ Òkè tàbí Ìsàlẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe rí ló ń sọ fún yín. Ìta, gbàgede tí àwọn ènìyàn ń pàdé ni. Gáà, ibùdó Fúlàní àti màlúù wọn ni. Ẹni tó ń gbé Gáà-Akanbí lónìí lè má rí màlúù kankan, ṣùgbọ́n orúkọ kò gbàgbé. Ẹ wo oyè Alángùwà, olórí àdúgbò. Ọ̀rọ̀ Haúsá tó túmọ̀ sí àdúgbò ni angùwà; a fi "oní" tiwa síwájú rẹ̀, n di l, ó di Alángùwà, bí oní aṣọ ṣe di aláṣọ. Èdè méjì ló wà nínú oyè kan ṣoṣo.

Orúkọ ìlú gan-an ńkọ́? Àwọn kan ní "ìlú erin" ni. Òfin ìpajẹ fáwẹ̀lì kò gbè wọ́n, torí "ìlú erin" ìbá di Ìlérin tàbí Ìlúrin. Níbo ni ọ ti wá? "Ìlọ̀ irin" ló bá fáwẹ̀lì mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà nínú "lọ̀" ti di ohùn àárín. Òkúta tí ìtàn ní Òjó Ìṣẹ̀kúṣe fi ń pọ́n irin ṣì wà ní agbo ilé Aṣájú, ní Ìdí-Àpẹ. Ẹ béèrè, wọn á mú yín débẹ̀.

Ìlú kejì ni òyìnbó mú wá. Ní oṣù kejì 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní 1908 ọkọ̀ ojú irin dé. Ní 1967 Ìlọrin di olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Òpópónà títọ́, nọ́ńbà ilé àti GRA ti ìlú kejì yìí ni máàpù mọ̀.

Ó yá, ilé ìyá àgbà yẹn ńkọ́? Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ mi kò ṣe bíi ti 1978 mọ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi dé ibi tó lè dé, mo fi ọ̀pá rin ìyókù. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú agbo ilé. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà nínú wọn. Ọ̀kan ní kí n sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kẹta yẹn, mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé inú agbo ilé yẹn gan-an ló ń gbé. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́ ohùn mi. Ó ní, "Ta lẹ ń wá, Baba?" Mo dárúkọ ìyá àgbà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní àwọn jọ kéwú ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ki agbo ilé náà, tó ń dárúkọ àwọn tó ti kú àti àwọn tó lọ, ó sì fi ọwọ́ hàn mí yàrá tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀rù bà mí o. Ìyá kan ṣoṣo ni ọ̀nà kù sí lọ́wọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí o bá dé, má gbára lé fóònù nìkan. Kọ́kọ́ mọ agbo ilé, lẹ́yìn náà àdúgbò, lẹ́yìn náà Balógun tó ni àdúgbò. Kúnlẹ̀ kí àgbà kí o tó béèrè. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, má bínú. Ọ̀nà ni wọ́n ń fi hàn ọ́. Má sì jẹ́ kó pẹ́ kí o tó wá, torí ìyá yẹn ti dàgbà.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ kọ orúkọ agbo ilé yín ránṣẹ́ sí mi, àti ti ìyá yín àti ti ìyá ìyá yín, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Mo ti ra ìwé ńlá kan sílẹ̀. Ó dìgbà kan ná.