Ta Ni Yóò Kọ Ìwé fún Aláró?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìwé kan wà nínú àpò ẹ̀wù mi tí n kì í fi sílé. Olóòtú wa ló kọ ọ́. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé oníròyìn ni mí, pé iṣẹ́ mi kò ṣeé jókòó sílé ṣe, kí àwọn agbófinró jọ̀wọ́ jẹ́ kí n kọjá. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n gbé igi dí ọ̀nà ní Láfẹ́ńwá, ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ nà síta kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan tí ilé wa jọ kọjú síra, tó ń pa aró àdìrẹ ní Ìtòkú, kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó rí mi bí mo ti ń jáde lọ, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kú orí ire o. Ta ni yóò wá kọ tèmi fún mi?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà, òun náà ló sì mú mi jókòó lónìí láti wo ìtàn kónílé-ó-gbélé pẹ̀lú ẹ̀yin olùkàwé wa.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní nǹkan yìí. Àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ti mọ ìsémọ́lé Orò tipẹ́tipẹ́. Bí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á ti kéde rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin á tètè ra ata àti iyọ̀, á pọnmi sílé, á ti ilẹ̀kùn. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí igi lójú ọ̀nà. Ohùn Orò nìkan tó láti ṣọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: owó ọjọ́ náà ti gbé nìyẹn fún ìyálọ́jà, kò sì sẹ́ni tí yóò san án padà fún un.

Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi mọ bí a ti í bọ́ lọ́wọ́ àhámọ́. Nígbà tí wọ́n dìde lòdì sí owó orí ní ọdún 1947, tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ìjọba kọ̀ láti fún wọn láṣẹ ìwọ́de. Wọ́n ní kò burú, àwọn kò wọ́de mọ́, àwọn fẹ́ lọ ṣe píkíníìkì ni! Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀. Ẹni tí o bá sé mọ́lé láìbi í bí yóò ti jẹun, dandan ni kó wá ọ̀nà jáde.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ilẹ̀ wa níhìn-ín ló kọ́kọ́ yà sí. Ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé wá sí Ewékorò ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Bùhárí kéde pé kí Èkó, Àbújá àti ìpínlẹ̀ Ògùn wà nílé. Ti Èkó àti Àbújá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tọrọ ọjọ́ díẹ̀ fún wa kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ sílé, tiwa wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Nígbà tí okùn náà dẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n fi kónílé-ó-gbélé òru rọ́pò rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, láti agogo mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀. Ní oṣù Kẹfà ó di agogo mẹ́wàá sí mẹ́rin.

Òfin yọ àwọn kan sílẹ̀: oníṣègùn, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, àti àwa oníròyìn tí a bá lè fi hàn pé iṣẹ́ wa kò ṣeé jókòó sílé ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: *fi hàn*. Ẹni tó ní ọ̀gá ló lè fi hàn, torí ọ̀gá ló ń kọ̀wé. Aláró, télọ̀, oníbàtà, ọlọ́kadà, ta ni ọ̀gá wọn? Ìkòkò aró kì í dúró de ìjọba. Ti ìyá yìí bàjẹ́, ó dà á nù.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Lọ́ńdọ̀nù wàyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ó ṣẹ̀, ó jìyà rẹ̀, n kò gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀wọ̀n, wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n gbé àpótí kan sínú yàrá rẹ̀. Láti agogo méje alẹ́ di méje àárọ̀, bí ẹsẹ̀ yẹn bá jìnnà sí àpótí náà, àpótí á fi tó àwọn tó ń ṣọ́ ọ létí, wọ́n á sì pè é. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá tà létí wọn, ẹ̀wọ̀n ló ń padà sí.

Ní àwọn ọdún 1960 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Schwitzgebel ti dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1983, Adájọ́ Jack Love ní ìlú Albuquerque lò ó fún àwọn tó dájọ́ fún. Wọ́n ní ìwé àwòrán Spider-Man ló fún un ní ọgbọ́n náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán tiwọn wò ní 1989. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ jákèjádò England àti Wales. Wákàtí mẹ́sàn-án ló kéré jù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé lóòjọ́.

Ọmọ náà ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣíwọ́. Ní ọjọ́ kan ọkọ̀ ojú irin pẹ́, ó wọlé ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fóònù ti ń dún kó tó bọ́ bàtà. Ó sọ fún mi pé, "Bọ̀dá mi, ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ pé ọkọ̀ ló pẹ́ o. Ohun tó mọ̀ ni pé mi ò sí nílé." Kí ló kó o yọ? Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ̀wé, tó sì ń jẹ́ kó ṣíwọ́ ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú àwọn yòókù. Ìwé náà tún nìyẹn! Ó pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Àkẹ́ títí wọ́n fi tú ẹ̀rọ náà. Ká ní inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà, kọ́bọ̀ kò ní wọlé fún ìyá yẹn.

Nítorí náà n kò bú ẹ̀rọ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n, tó fàyè gba kí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa sin ìlú tàbí kó wà lábẹ́ ìṣọ́ lóde dípò kó wà ní àhámọ́. Ohun tó dára ni. Ó sàn kí ẹni tó jí adìyẹ máa gbálẹ̀ ọjà ju kó máa lo oṣù mẹ́fà ní ọgbà Ìbarà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa tọrọ jẹ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ẹsẹ̀ níhìn-ín, iná mànàmáná wo ni àpótí náà yóò máa jẹ? Bí ọkọ̀ bá kú sí Ṣíún lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ta ni yóò gbọ́ àlàyé? Ẹni tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ara rẹ̀, tó ń ná ọjà Kútọ̀ lónìí, tó ń ná ti Ọ̀wọ̀dé lọ́la, ìwé ta ni yóò nà síta? Kí àwọn aṣòfin wa kọ́kọ́ ro ti ẹni tí kò lọ́gàá kí wọ́n tó ka iye wákàtí. Ẹgbẹ́ àwọn aláró wà, ẹgbẹ́ télọ̀ wà, ìyálọ́jà wà ní ọjà gbogbo. Ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí, kí ó níyì bíi ti ọ̀gá ilé-iṣẹ́.

Ìyá náà ti padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Mo ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ó sì bi mí bóyá ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́. Mo ní ó wà. Ó ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀ o, Akọ̀wé. Ọjọ́ mìíràn ń bọ̀." Ó gba owó rẹ̀, ó kà á, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.