Àtẹ orúkọ tó dàrú: ṣé ayédèrú ni, àbí dátà ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà?

Wọ́n fi àtẹ orúkọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n kọ Bouaké síbẹ̀ bíi “BouakÃ©”, nọ́ńbà fóònù sì dín ní ẹyọ kan. Kí ẹ tó pè é ní ayédèrú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń kó o láti orí kọ̀ǹpútà lọ sí ibi ìpamọ́ dátà tó wà níbòmíràn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀.

Lẹ́tà tó yí padà

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Nínú ìlànà UTF-8, “é” gba báìtì méjì. Bí ẹ̀rọ tó gbà á bá fi ìlànà àtijọ́ Windows-1252 kà á, báìtì kọ̀ọ̀kan á di lẹ́tà kan, “é” á wá di “Ã©”. Èyí ṣe é tún ṣe: ẹ tún fáìlì náà ṣí, kí ẹ sì yan UTF-8.

Ti àmì ìbéèrè yàtọ̀. Windows-1252 kò ní “ṣ” àti “ọ” rárá, nítorí náà Adéṣọlá lè di “Adé??lá”. Lẹ́tà tó bá ti di àmì ìbéèrè ti sọnù, àfi kí a padà sí fáìlì àkọ́kọ́.

Òdo tó sọnù

Láti ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2021, nọ́ńbà fóònù ní Côte d'Ivoire ti kúrò ní ẹyọ 8, ó ti di 10. 01, 05 tàbí 07 ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà alágbèéká. Bí Excel bá kà á sí iye, á gé òdo iwájú, á wá ku ẹyọ 9. Ibi ìpamọ́ tí wọ́n ṣe fún ẹyọ 8 péré náà lè má gba nọ́ńbà tuntun. Ẹ ṣètò òpó fóònù bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí iye.

Kọ́mà

Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí èdè Faransé, 2,5 ni méjì ààbọ̀. Nítorí èyí, àmì (;) ni Excel sábà máa ń fi ya òpó sọ́tọ̀ nínú fáìlì CSV. Bí sáfà bá ń retí kọ́mà, òpó gbogbo lè wọ inú ẹyọ kan, tàbí kí 2,5 pín sí méjì.

Àṣìṣe tí kò pariwo

Èyí ló léwu jù. Lọ́dún 2020, àjọ Public Health England ń kó èsì àyẹ̀wò kòrónà jọ pẹ̀lú fáìlì Excel ti àtijọ́, èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èsì tó lé ṣubú sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ẹni 15,841 ni kò wọ inú iye ojoojúmọ́. Àwọn aláìsàn gba èsì tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ò tètè wá àwọn tí wọ́n jọ wà pọ̀ kàn. Ẹnikẹ́ni kò jí dátà náà.

Bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò

1. Ẹ ka iye ìlà níbi tí dátà ti kúrò àti níbi tó dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu.
2. Ẹ mú orúkọ mẹ́wàá, kí ẹ fi wọ́n wé fáìlì àkọ́kọ́. Ẹ má gbàgbé ìlà tó kẹ́yìn.
3. Ẹ wò ó bóyá àṣìṣe náà kárí. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú: bó bá gé òdo ẹnìkan, á gé ti gbogbo òpó náà. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ẹnìkan ṣoṣo ló yí padà, ẹ máa bi wọ́n léèrè.

Àbájáde

Orúkọ tó dàrú nìkan kò tó ẹ̀rí pé àtẹ kan jẹ́ ayédèrú, kò sì fi hàn pé òótọ́ ni. Ẹ béèrè fún fáìlì àkọ́kọ́ kí ẹ tó pín in. Ẹni tí òdo rẹ̀ sọnù lè jẹ́ ènìyàn gidi tó ń retí ìpè tí kò ní wọlé.