Àjà Ilé: A Dí Imú Ilé, A Wá Ń Fowó Ra Atẹ́gùn



   Ìtàn òkè àjà ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ń bi ara yín pé kí ló kàn wá nínú òkè àjà, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lábẹ́ páànù ní Computer Village, Ìkẹjà, ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹ na ọwọ́ yín sókè sí síìlìn. Ooru tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni à ń fi owó jà lójoojúmọ́.

Ẹ̀sìn wa kò fojú kéré ìbòji. Nínú Sūratun-Nahl, āyah 81, Ọlọ́hun ka ìbòji mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tó ṣe fún ẹ̀dá. Nígbà tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ mọ́sálásí rẹ̀ ní Madīnah ní ọdún 622, ìtì igi dàbínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ igi dàbínù ni wọ́n sì fi bo apá tí wọ́n bò. Ohun tó ń ru òógùn sí àwọn èèyàn lára kọ́ ni wọ́n gbé lé orí wọn.

Àwọn baba wa náà mọ ọgbọ́n yìí. Ilé wọn ní àjà. Wọ́n á na igi líle láti ara ògiri kan dé èkejì, wọ́n á to igi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lé e, wọ́n á wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Òkè rẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo àti ẹrù sí. Lórí gbogbo rẹ̀ ni òrùlé wà: koríko bẹẹrẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ewé gbòdògí tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ní ilẹ̀ igbó. Bẹẹrẹ níyì débi pé ọdún kan wà ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi ń kó koríko náà wá bo ààfin Aláàfin.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àjà alámọ̀ ń ṣe. Ó ń tọ́jú oúnjẹ. Bí iná bá mú koríko, kì í jẹ́ kí iná náà tètè já bọ́ sí yàrá. Ó sì ń gba ooru sára kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ òrùlé wọlé, ó sì ń bá ibẹ̀ jáde.

Iná ni ọ̀tá koríko. Léraléra ni ilé ń jó ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdí nìyẹn tí páànù tó ń bá ọkọ̀ ojú omi dé fi wu àwọn èèyàn. Nígbà tí rélùwéè tó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, páànù rí ọ̀nà wọ inú ilẹ̀ lọ. Owó kòkó àti owó obì, tí Agége náà mọ̀ dáadáa, ni ọ̀pọ̀ fi rà á. Ẹni tó bá fi páànù kọ́lé di ẹni iyì.

Páànù kì í jó, kì í sì í rà. Ṣùgbọ́n kò nípọn. Bí oòrùn bá ti kàn án, ó ti gbóná, yóò sì máa ta ooru náà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá wá dógùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, á tún máa fa ooru sí i.

Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó mọ èyí. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ ilé tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé rẹ̀ tóbi. Ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894: João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà, pẹ̀lú Sanusi Aka tó jẹ́ Mùsùlùmí. Àwọn òyìnbó aláṣẹ náà ń dá ihò atẹ́gùn sí abẹ́ òrùlé ilé tiwọn. Páànù wà lókè, ṣùgbọ́n imú ilé ṣí sílẹ̀.

Ìgbà wo wá ni a dí i? Ẹ wo òpópónà Ọ̀tígbà. Títí di àwọn ọdún 1990, àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni. Ilé ní àgbàlá, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe dé, àwọn oníkọ̀ǹpútà tẹ̀lé wọn, nígbà tí fóònù GSM sì dé ní August 2001, ọjà náà bú rẹ́kẹ́. Yàrá kan di ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Wọ́n fi páànù bo àgbàlá, wọ́n sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi pákó dí fèrèsé kí olè má baà wọlé. Ooru tó bá wọ òkè àjà kò rí ibi jáde mọ́. A wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ara ògiri.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní April 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ká ní ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan ń jẹ yúnìtì 8 ní wákàtí 10, ₦1,800 nìyẹn lóòjọ́ ní iye owó ìgbà náà. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 26, ó di ₦46,800. Bí iná bá lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ló kù, gbogbo wa la sì mọ ohun tí epo dà láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ rẹ̀ ti lọ ní May 2023. Lára irú owó bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-kéú ọmọ àti oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ ti yẹ kó jáde. Òkè àjà tó gbóná kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ la imú ilé. Ẹ dá ihò sí abẹ́ òrùlé ní ìhà méjì tó dojú kọra, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó gba èkejì jáde. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹyẹ àti eku. Lẹ́yìn náà, ẹ kun páànù ní ọ̀dà funfun, nítorí funfun máa ń dá oòrùn padà. Ẹ dí ihò tí wáyà àti páìpù gbà kọjá nínú síìlìn, kí ooru òkè má baà máa wọ yàrá. Bí agbára bá wà, ẹ na bébà onífàdákà sí abẹ́ páànù nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹ má fi fóòmù bo wáyà iná, nítorí ó lè dáná sílé. Bí síìlìn bá jẹ́ asbestos àtijọ́, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì há a, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ háyà ṣọ́ọ̀bù, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ bá onílé sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀dà tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá dáwó rà kì í wọni lọ́rùn. Ẹ̀yin onílé, ẹ rántí pé èèyàn ló wà lábẹ́ páànù yín. Ẹ̀yin alákòóso mọ́sálásí àti ilé-kéú, ẹ wo òkè àjà kí ẹ tó dáwó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ tí òógùn bò kò lè há Kùránì sórí dáadáa.

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe harāmu. Àmọ́ Ọlọ́hun kò fẹ́ràn àwọn onínàá-àpà, ìnáwó láti lé ooru tí ihò méjì lè lé jáde sì súnmọ́ àpà gidi. Àwọn baba wa kò ní iná mànàmáná, síbẹ̀ wọ́n sùn lábẹ́ àjà tó tutù. Ẹ jẹ́ ká mú ọgbọ́n wọn mọ́ páànù wa.

Kí Ọlọ́hun fi ìbòji Rẹ̀ bò wá ní ọjọ́ tí kò ní sí ìbòji kankan àfi tiRẹ̀. Āmīn.