Ìrìn Mólíkù Tàbí Ikú Àmì? Wíwọn Ìfọ́nká Pẹ̀lú Kábọ̀n Tí A Tò Lójú Kan

Láti ọdún 1965 tí Stejskal àti Tanner ti gbé ọ̀nà wọn jáde, ìlànà kan náà la ń tẹ̀ lé láti wọn ìfọ́nká mólíkù. A ó fi mágínẹ́ẹ̀tì tí agbára rẹ̀ ń yàtọ̀ láti ìhà kan dé ìkejì sàmì sí ibi tí mólíkù wà, a ó dúró díẹ̀, a ó sì wò ó bóyá ó ti ṣí kúrò; bí ó bá ti ṣí, àmì tí ẹ̀rọ ń gbà á lọ sílẹ̀. Omi ni àwọn ilé ìwòsàn sábà ń wọ̀n báyìí. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì àti òde rẹ̀ ni omi wà, nítorí náà ohun tó ń sọ fún wa pọ̀ mọ́ra. Lactate wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń sọ pyruvate di lactate lọ́pọ̀ yanturu, èròjà tí wọ́n ń pè ní MCT4 a sì máa tì í jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá mọ iye lactate nìkan, a kò lè mọ̀ bóyá ó ṣì há sínú tàbí ó ti bọ́ sóde. Ìfọ́nká rẹ̀ lè sọ ọ́, nítorí mólíkù tó há kì í rìn jìnnà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi tí mólíkù wà ni èrè gidi kábọ̀n tí a tò, ìyẹn kábọ̀n-13 inú mólíkù tí a ti mú kọjú síbi kan kí àmì rẹ̀ lè lágbára. Agbára àmì rẹ̀ kàn ṣí ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n kò sí èrè kankan bí a kò bá ya ìrìn mólíkù sọ́tọ̀ kúrò lára ikú àmì.

Kábọ̀n-13 kò tó nǹkan: ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ̀n ayé ni. Nínú mágínẹ́ẹ̀tì tesla 3, bí ara ṣe ń gbóná tó, bí a bá kó mílíọ̀nù kan rẹ̀ jọ, àwọn tó kọjú síbi kan kò fi ju méjì tàbí mẹ́ta lọ ju àwọn tó kọ̀yìn síbẹ̀. Ní 2003, Ardenkjær-Larsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá dì í nínú òtútù tó sún mọ́ Kelvin 1, tí ìgbì máíkírówéfù gbé ìtò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lé e lórí, tí a sì fi omi gbígbóná yọ́ ọ lójijì, àmì rẹ̀ á lé ní ìlọ́po 10,000. Ní 2013, Nelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn lílo pyruvate tó ní irú kábọ̀n yìí lára ọkùnrin 31 tó ní jẹjẹrẹ próstéètì.

Àmì yìí dà bí owó ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: bí a bá ná an, òmíràn kò wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní a fi ìgbì rédíò yí kábọ̀n ní igun dígírì 30 láti wọn àmì nígbà tí b (nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yàtọ̀ àti ìdúró náà ṣe lè fi ìrìn mólíkù hàn tó) jẹ́ òdo, tí a sì tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nígbà tí b jẹ́ 500 s/mm². Ìgbì àkọ́kọ́ ti jẹ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì bá sì ń kú pẹ̀lú T1 (àkókò tó ń sọ bí àmì ṣe ń yára kú tó) ìṣẹ́jú àáyá 30, bí ó ti sábà máa ń rí nínú ara, nǹkan bí ìdá 78 ló kù, bí mólíkù kankan kò tilẹ̀ mira. Ẹni tí kò ṣàtúnṣe á kà á sí ìfọ́nká tó tó 0.49 × 10⁻³ mm²/s. Bẹ́ẹ̀ N-acetylaspartate tó há sínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, nǹkan bí 0.1 sí 0.2 ni tirẹ̀ lórí ìwọ̀n kan náà. Irọ́ ti ju òtítọ́ lọ! Bí a bá wá fi b ńlá ṣíwájú, àṣìṣe náà á yí sí òdìkejì. Àtúnṣe wà: kí a máa mú igun tóbi sí i kí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè gba ìpín kan náà, tàbí kí a fi ìgbì kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Lójú tèmi, èkejì ló dájú jù, nítorí kò ní kí a kọ́kọ́ mọ T1 ká tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé mágínẹ́ẹ̀tì kò ràn kábọ̀n tó. Òtítọ́ ni: bí ó ṣe ń yí nínú mágínẹ́ẹ̀tì jẹ́ megahertz 10.71 fún tesla kan, ti háídírójìn sì jẹ́ 42.58, b sì ń tẹ̀ lé ìlọ́po-ara nọ́ńbà yìí, nítorí náà ìdá kan nínú 16 ni à ń rí. Àmọ́ kábọ̀n yìí kì í tètè gbàgbé àmì, a lè mú ìdúró gùn láti dí àlàfo náà. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹ̀jẹ̀: inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni a ń gún pyruvate sí, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ sì ń jọ ìfọ́nká tó yára. Nítorí èyí, kò yẹ kí ìwọ̀n àkọ́kọ́ wà ní òdo rárá. B kékeré tó ti pa àmì inú ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yin tó ń ka ìwádìí báyìí máa wo igun ìgbì àti ètò b kí ẹ tó gba nọ́ńbà ìfọ́nká kankan gbọ́.