Òfì àti Sílétì: Ìkọ́ṣẹ́ àti Ẹ̀kọ́ Ìwé ní Ilẹ̀ Okun

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Okun, ìyẹn àgbègbè àwọn Yorùbá Kàbà, Búnú, Ìjùmú àti Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni ìkọ́ṣẹ́ òfì ti wà níbẹ̀, ó sì ní ètò tirẹ̀. Ní Búnú àti Ìjùmú, òfì ìdúró ni àwọn obìnrin ń lò. Ọmọbìnrin kì í ti ibi híhun bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yọ hóró kúrò lára òwú, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò ran án, yóò mọ bí a ti ń rẹ ẹ́ láró, kí ìyá rẹ̀ tó gbé apasà lé e lọ́wọ́. Ọjà ni ìdánwò rẹ̀. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí Búnú fi ń sin àwọn ẹni ńlá, fi hàn bí ìmọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó: ara aṣọ pupa òyìnbó ni wọ́n ti ń tú òwú rẹ̀ kí wọ́n tó tún un hun. Ẹni tó bá ní ìgbà tí àwọn míṣọ́nárì dé ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Okun kò ka èyí sí.

Ìwé kíkà gba ọ̀nà odò wọlé. Ní 1857 ni Samuel Ajayi Crowther dá ibùdó ìjọ CMS sílẹ̀ ní Gbébé, nítòsí ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ní 1908 ni Thomas Titcombe ti ìjọ SIM dé Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà; ní 1951 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ààlà ló wá fi ìyà jẹ Okun. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, abẹ́ Àríwá ni Kàbà wà. Ọmọ Èkìtì lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Òbí ọmọ Ìjùmú tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ń wá owó. Ọdún 1976 ni UPE, ètò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, tó dé. Ìwé tí a fi owó oko rà gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ ọ́fíìsì wá, kò sì sí òbí tó yẹ kí a bá wí lórí èyí. Ṣùgbọ́n àkókò tí ọmọbìnrin ì bá fi jókòó ti òfì ni kíláàsì gbà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàbà ní 1964, tó wá bọ́ sábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, so ìwé pọ̀ mọ́ ọkọ́. Òfì kò rí irú rẹ̀.

Nike Okundaye, ahunṣọ àti aláró tí wọ́n bí ní 1951, fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí òfì náà di ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògìdì-Ìjùmú ló ti kọ́ híhun àti aró, láìní ìwé ẹ̀rí kankan. Síbẹ̀ ní 1974 ó lọ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà níṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ìwé Haystack, ní ìpínlẹ̀ Maine. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kàwé nígbà náà. Òun lọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní 1983 ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì tún dá ti àwọn obìnrin ahunṣọ sílẹ̀ ní Ògìdì.

Ìjọba fúnra rẹ̀ padà sí ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ yìí: NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ń fi ọ̀dọ́ sábẹ́ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń sanwó fún ọ̀gá. Ọ̀fẹ́ ni ìyá ahunṣọ ń ṣe é ní Búnú tẹ́lẹ̀.